Ìta géètì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń ṣe ètò àdúgbò níbi fẹ́sítífà fírínjì l'Ékòó

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe ètò ọmọdé níbi fẹ́sítífà kan l'Ékòó, ọmọ mẹ́fà ló wá. Mẹ́fà o. Mo ti ra péńtì tó lè kun ilé alájà méjì, mo ra páálí, mo háyà àga rọ́bà ọgbọ̀n, mo gba ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbòjú, àwọn mẹ́fà tó wá náà, mẹ́rin nínú wọn, ọmọ àwọn òṣèré tó wà nínú ọgbà ni. Àwọn ọmọ àdúgbò wà níta géètì, wọ́n ń yọjú. Mo jáde lọ bá wọn, mo ní kí ló dé tẹ́ ò wọlé, ọ̀fẹ́ mà ni, èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí tán ó ní, "Bùọ̀dá, ti ẹ̀yin nìyẹn."

Mi ò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo ti ṣe irú ètò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí ìgbà tí ojú ò tì mí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ tò síbí fún ẹni tó bá ń gbèrò àtiṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ fírínjì, torí àwọn kan rò pé irun orí ni. Ní 1947 wọ́n ṣe fẹ́sítífà ńlá kan ní Edinburgh ní Scotland, ẹgbẹ́ tíátà mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ò pè gbéra, wọ́n lọ ń ṣe tiwọn létí ibẹ̀. Létí létí yẹn ni fírínjì. Títí dòní, tí ẹ bá fẹ́ ṣeré níbẹ̀, kò sí kọ́mítì kan tó máa jókòó pinnu bóyá eré yín dáa, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é, ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, ó parí. Lagos Fringe tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 2018, Kenneth Uphopho ló dá a sílẹ̀, oṣù Nofẹ́ńbà ni wọ́n máa ń ṣe é, Freedom Park ní Broad Street ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ká má tan ara wa ṣá, alárìnjó ti ń ṣe fírínjì kí wọ́n tó ní ọ̀rọ̀ fún un. Ta ló fún alárìnjó ní ìwé ìpè rí?

Freedom Park yẹn náà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n Broad Street táwọn amúnisìn kọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó bíríkì rẹ̀ wá ní 1885. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, Theo Lawson ló yàwòrán ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni ìtàgé ńlá wà báyìí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀wọ̀n ṣì ni ògiri yẹn, wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó wà nínú má baà jáde, ní báyìí ẹni tó wà níta ló ń wò ó pé òun ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ní gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú àdúgbò kan, ẹ fi "gbogbo ará ìlú" sílẹ̀

Tí mo bá ti rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "ètò yìí wà fún gbogbo ará ìlú" sí, mo ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní wá. Ẹ mú òpópónà kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ojúlé mẹ́wàá lágbára yín ká, ẹ mú ojúlé mẹ́wàá. Ní Erékùṣù Èkó, Òkèpópó yàtọ̀ sí Láfíàjí, Láfíàjí yàtọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ti Campos àti gbogbo Pópó Àgùdà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà wálé, kàníífà Fanti tí wọ́n máa ń ṣe nígbà Àjíǹde, ọwọ́ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti bá a. Ẹ wá fẹ́ gbé tíṣà lọ sí Campos láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ kàníífà? Àwọn ni tíṣà. Ẹ sanwó fún wọn kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Òkèpópó, ẹ ti ní ètò nìyẹn.

Ẹ rìn àdúgbò yẹn yí ká, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, kó sì jẹ́ irú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò gan-an. Ọjọ́ Jímọ̀, láti bí aago méjìlá dé méjì àbọ̀, ní àyíká mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà ní Nnamdi Azikiwe, ẹ ò ní ríbi fẹsẹ̀ sí, ẹ má sì lálàá ìlù kankan. Ọjọ́ Àìkú ẹ̀wẹ̀, Ìdúmọ̀tà àti Balógun á dá páropáro torí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti wà nílé wọn lókè òkun, mò ń sọ Mainland ni o, ẹ má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Erékùṣù wà nílé, wọ́n ti sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù. Torí náà tó bá jẹ́ ọlọ́jà lẹ fẹ́, ẹ má fi sí Àìkú, tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́, Àìkú lọ́sàn-án nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jáde ló dáa jù.

Bí ẹ ṣe ń rìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi àwọn èèyàn: "Ta ló mọ nǹkan ṣe níbí?" Ẹ máa rí ìyá tó mọ rárà, ẹ máa rí télọ̀ tó ń yàwòrán sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ máa rí àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì ṣe ìlù. Àwọn yẹn lẹ máa fi ṣe ètò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ kí àwọn onílé

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà sì ni àwọn èèyàn ti máa ń fò kọjá. Alárìnjó tó bá wọ ìlú, ọ̀dọ̀ olórí ìlú ló ti ń kọ́kọ́ ṣeré, lẹ́yìn náà ló máa wá yíká. Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ náà.

Tó bá jẹ́ inú àdúgbò ni, mo máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, torí òun ló máa sọ ẹni tó kàn fún mi, olóyè wo, lèmọ́ọ̀mù wo, pásítọ̀ wo. Tó bá jẹ́ ojú ọjà, ìyálọ́jà ṣáájú gbogbo ẹni yòówù, kódà kí ẹ tó rí alága. Ẹ mú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ dání, ẹ má dá lọ, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lọ, kí ẹ sì má lo ọ̀rọ̀ náà "projẹ́ẹ̀tì", bí ẹ bá ti pe projẹ́ẹ̀tì wọ́n ti rò pé dọ́là wà nílẹ̀, gbogbo ìjíròrò á wá di ọ̀rọ̀ owó. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kú ọjà mà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mú yín wá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin wá sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ní gbólóhùn mẹ́ta. Tí kò bá ṣeé sọ ní gbólóhùn mẹ́ta, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin náà ò tíì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ìyálọ́jà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ìlù yín yìí ò ní dí wa lọ́wọ́?" Mo yára dáhùn pé rárá mà. Ó ní, "Irọ́ ni, á dí wa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá ní aago mẹ́rin, tí ọjà ti ń tú, kò burú." Ètò mi tẹ́lẹ̀, aago kan ni mo fi sí. Tí mo bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni, wọn ì bá fọwọ́ sí i fún mi, ojú iṣẹ́ ni mo ti máa mọ̀ pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àwọn boys ńkọ́, àwọn ọmọ ìta àdúgbò? Ẹ ò lè ṣe bí ẹni pé wọn ò sí. Àwọn kan máa ń fún wọn lówó kí wọ́n lè lọ, mi ò fara mọ́ ọn, torí ẹni tẹ́ ẹ bá fún lówó kó lọ, lọ́la á mú ẹlòmíì wá tó máa gba tiẹ̀. Ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gba èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé sípíkà, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di okùn mú kí ọ̀kadà má wọ àárín ọmọdé, ẹ san ìdajì ṣáájú, ẹ san ìdajì tí gbogbo ẹrù bá ti padà sínú mọ́tò. Lọ́dún kan ọ̀kan nínú wọn ló rí ọmọ kékeré tó fẹ́ sọnù kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Mi ò ní pẹ́ níbí. Fọ́ọ̀mù fẹ́sítífà: ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ta ló wà fún, ibo, àti ohun tẹ́ ẹ nílò lọ́wọ́ wọn, ojú ewé kan ti tó. Lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí DPO, ọ̀gá tẹ́sàn ọlọ́pàá tó ni agbègbè yẹn, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ kí ẹ máa mú un rìn lọ́jọ́ náà. Lagos State Safety Commission ló ń rí sí ààbò níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ sí, LASEPA ló ń rí sí ariwo, ẹ bi àwọn aṣètò fẹ́sítífà bóyá ìwé tiwọn ti bo ètò yín mọ́lẹ̀ tàbí ẹ gbọ́dọ̀ gba tiyín lọ́tọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìta ọgbà lẹ ti fẹ́ ṣe é. Ẹ má pe rírìn yíká àdúgbò ní "ìwọ́de" nínú lẹ́tà sí ọlọ́pàá o! Látìgbà ìfẹ̀hónúhàn #EndSARS ní 2020 ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ta wọ́n létí. Kàníífà ni kí ẹ pè é. Tí ẹ bá sì fẹ́ máa gbé orin olórin sáfẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ owó ẹ̀tọ́ olórin máa wọ̀ ọ́, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ lo onílù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ rán ètò náà bí aṣọ tó bá wọn lára

Ètò ìta kì í ní "a ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin géérégé". Èèyàn á máa wọlé máa jáde, ìyá á rán ọmọ níṣẹ́ láàárín kan, ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì á dúró wò díẹ̀. Torí náà ẹ má ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá wà níbẹ̀rẹ̀ ò ní mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ohun kúkúrú tó ń yí po lèmi máa ń ṣe, bí ogún ìṣẹ́jú, tó bá parí ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn. Ìpè: ìlù, gángan tàbí agogo, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kí ojú lè yí síbẹ̀. Ẹ bẹ onílù kó fi orúkọ àdúgbò àti oríkì ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ lù ú, ẹ máa rí i bí fèrèsé ṣe máa ń ṣí lókè. Ìfọwọ́ṣe: gbogbo ẹni tó wá fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n ya ìbòjú, wọ́n gé bébà, wọ́n kọ́ ìlà orin kan. Ìfihàn: wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe jó, ẹni tó bá fẹ́. Ìkẹrin, wọ́n mú nǹkan lọ sílé. Ẹ má gba ìbòjú yẹn lọ́wọ́ ọmọ torí pé ẹ fẹ́ pàtẹ rẹ̀ nínú ọgbà, mo ti ṣe àṣìṣe yẹn, ọmọ náà sunkún débi tí ìyá rẹ̀ fi já bọ́ọ̀lì sílẹ̀ tó wá bá mi.

Èdè: Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ní ẹnì kan tó gbọ́ Ègùn àti ẹnì kan tó gbọ́ Haúsá, pijin á so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì orí ìtàgé, "ladies and gentlemen" yẹn, ẹ fi sílé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ fi ẹsẹ̀ so ìta mọ́ inú. Ní òpin yíyí kẹrin, gbogbo yín, ọmọ, ìyá, onílù, ẹ tò lẹ́sẹẹsẹ kẹ́ ẹ jó lọ sí ọgbà, kẹ́ ẹ jó wọlé láti géètì. Ẹ ti gbọ́dọ̀ bá àwọn aṣètò sọ ọ́ tipẹ́ kí wọ́n fún yín ní sítíkà tó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀ṣọ́ géètì sì mọ̀, ẹni tó wà lẹ́nu géètì gan-an ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ò tó. Ọmọ tó bá ti fi ijó wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra ní apá Hospital Road ṣá o, ilé ìwòsàn ìjọba wà lódìkejì, ẹ dá ìlù dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́ rìn.

Owó

Onílù, télọ̀, ìyá tó ń sun rárà, ẹ san owó fún gbogbo wọn, ẹ kọ ọ́ sínú bọ́jẹ̀ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní. Ó máa ń bí mi nínú tí wọ́n bá sanwó fún ẹni tó wá láti Lẹ́kkí, tí ará àdúgbò wá di "fọlọ́ńtíà". Tí mo bá ní naira mẹ́wàá, márùn-ún á lọ sọ́dọ̀ èèyàn, méjì sórí oúnjẹ àti omi, kan sórí péńtì àti páálí, kan sórí ọkọ̀, kan tó kù mi ò ní fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ náà, torí nǹkan kan máa bàjẹ́. Oúnjẹ yẹn, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní òpópónà yẹn, ẹ má gbé rẹ́sì oní-páálí ti òkèèrè wá, wọ́n á máa fojú wò yín.

Ẹrù

Ẹ má gbára lé jẹnẹrétọ̀. Lọ́dún kan ẹni tí mo háyà tiẹ̀ gbé e dé pẹ̀lú epo tí kò tó nǹkan, a wà níbẹ̀ tá à ń wá epo bẹntiróòlù bí ẹní wá ọmọ tó sọnù. Sípíkà alábátìrì kan tẹ́ ẹ ti ṣáàjì di kíkún ní àná, màíkì méjì, mẹ́gáfóònù kan fún ìrìn, ó tó. Kánópì méjì, torí oòrùn Nofẹ́ńbà kì í ṣeré. Ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ lásìkò yẹn, torí náà kí ẹ ti wà nínú géètì ní aago mẹ́fà. Ẹní àti ìkòkò péńtì tó ní ìdérí. Omi àti ọṣẹ fún ọwọ́ tí péńtì bà. Ìgbálẹ̀ àti àpò ìdọ̀tí, ẹ gbá ilẹ̀ náà mọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe bá a lọ.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì! Ẹnikẹ́ni kì í rò ó. Ẹ bẹ ilé kan tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ san nǹkan fún wọn, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ obìnrin nínú ẹgbẹ́ yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Àwọn ọmọ

Ọmọ tí kò bá tíì pé mẹ́jọ, kí àgbà tiẹ̀ wà níbẹ̀. Àgbà kan sí ọmọ mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ yín, nígbà ìrìn kó tiẹ̀ jẹ́ kan sí mẹ́fà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíì níbi tójú ò tó, ọ̀rẹ́ yín ni o, òṣèré tó lórúkọ ni o. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ìyá sẹ́yìn sítíkà, kì í ṣe sí iwájú tí gbogbo ayé á máa kà á. Fọ́tò: ẹ bi ìyá kí ẹ tó yà, ọmọ tí wọn ò bá fẹ́ kí wọ́n yà, ẹ fi rìbọ́ọ̀nù pupa sọ́wọ́ rẹ̀ kí afọ́tò lè mọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 tàbí 767, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n sórí.

Bí wọ́n ṣe máa gbọ́

Mi ò tíì rí ẹni tó ti orí fláyà wá sí ètò àdúgbò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́: lèmọ́ọ̀mù tó sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun, olùdarí ilé ẹ̀kọ́ tó sọ ọ́ nígbà ìtò àárọ̀, ohùn ìyálọ́jà nínú grúùpù WhatsApp wọn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ìṣẹ́jú kan péré, ó ju bánà ogún lọ. Ní ọjọ́ méjì síwájú, ẹ gbé onílù kan rìn àdúgbò yẹn ká. Ní wákàtí méjì síwájú, ẹ tún gbé e rìn.

Lọ́jọ́ náà

Kí ẹgbẹ́ yín ti dé ní aago méjìlá. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè Mainland, ẹ ní kí wọ́n wọ rélùwéè dé Marina tàbí BRT dé CMS kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, kí ẹnikẹ́ni má sọ ìtàn gosíló fún mi. Ẹ lọ kí gbogbo àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìlù kankan tó dún. Ẹ jẹun. Ẹ to àga fún àwọn ìyá àgbà nìkan, ọmọdé á dúró tàbí kí wọ́n jókòó lórí ẹní. Aago mẹ́rin kù díẹ̀, onílù bẹ̀rẹ̀. Tí èèyàn márùn-ún bá wá sí yíyí àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú yín pọ́n, ẹ ṣe é fún márùn-ún yẹn bí ẹni pé wọ́n jẹ́ igba, yíyí kejì á kún. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ dákẹ́ orin, ẹ̀gbọ́n àwọn boys ló máa parí ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin pẹ̀lú màíkì.

Lẹ́yìn rẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ. Ẹ tẹ fọ́tò jáde, bébà tó ṣeé fọwọ́ mú, wọ́n ti rí ti orí fóònù, ìyẹn ò jọ wọ́n lójú. Ẹ láminétì ẹyọ kan fún ìyálọ́jà, èyí tó hàn nínú ẹ̀ dáadáa, ẹyọ kan fún alága, ẹyọ kan fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè ohun tó dùn wọ́n nínú ètò yẹn kí ẹ tó béèrè ohun tó wù wọ́n. Wọ́n á sì bi yín pé ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀. Tí owó ò bá tíì sí, ẹ má dárúkọ oṣù. Ẹ ní, "Mà, a ò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá yá, ọ̀dọ̀ yín la máa kọ́kọ́ wá."